Ìmọ́lẹ̀ Tí Í Tú Àṣírí Májèlé

Ilẹ̀ wúrà ni agbègbè Kumasi ní Ghana. Mẹ́kúrì, irin tí í ṣàn bí omi, ni ọ̀pọ̀ awakùsà kéékèèké fi ń kó wúrà jọ. Ìyókù a sì máa ṣàn lọ sódò. Májèlé tí ojú kò lè rí nínú omi ni.

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti so irin mọ́ èròjà tí ó gùn bí ẹ̀wọ̀n, irú èyí tí a fi ń ṣe ike. Bí a bá tan iná sí òmíràn nínú wọn, òun náà yóò máa tàn. Bí mẹ́kúrì bá kàn án, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò yí padà. Òmíràn a máa fi agbára ìmọ́lẹ̀ tú aró inú omi ká.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò lè sọ mẹ́kúrì di òfo. Ní 2017, Ghana fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Minamata láti dín ìlò rẹ̀ kù. Rírí májèlé dára. Àìdà á sódò ni ó sàn jù.