Egungun Tú Àṣírí ní Johannesburg

Olùkọ́ ni Ahmed Timol, ará Roodepoort, ẹni ọdún 29. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni àwọn ọlọ́pàá mú un ní Johannesburg, nítorí pé ó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 27, òkú rẹ̀ ni a bá nílẹ̀ lẹ́yìn ògiri John Vorster Square, àgọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan, João Rodrigues, ní ojú òun ni ó ṣe gba ojú fèrèsé àjà kẹwàá bẹ́ jáde. Ní 1972, májísíréètì fara mọ́ ọn pé ó pa ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ bá wa yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹni tó já bọ́ láti òkè, bí ó bá fi ẹsẹ̀ balẹ̀, agbára ìṣubú náà a máa gba gìgísẹ̀ gòkè dé ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ó bá fi orí balẹ̀, ilẹ̀ títẹ́ lè fọ́ agbárí káàkiri. Ṣùgbọ́n bí ohun líle tí kò fẹ̀ bá gbá agbárí, ojú kan ni yóò tẹ̀ wọnú, bí igbá tí a fi ọmọ odó gún.

Ní 2017, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbé síwájú Adájọ́ Billy Mothle. Àwọn oníṣègùn méjì, Shakeera Holland àti Steve Naidoo, kò hú òkú kankan. Ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ àti àwòrán ni wọ́n kà, wọ́n sì ya ohun tí ìṣubú fà kúrò lára ohun tó ti wà ṣáájú. Agbárí ti tẹ̀ wọnú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ ti fara pa. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sáré dé ojú fèrèsé? Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ni adájọ́ dá a pé wọ́n pa á ni: láti àjà kẹwàá tàbí láti orí òrùlé ni wọ́n ti tì í.

Àmọ́ ṣá o, egungun kì í dárúkọ ẹni tó lu olúwa rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan Rodrigues ní 2018. Ó kú ní 2021 láìtíì jẹ́jọ́. Hawa, ìyá Timol, ti sunkún níwájú Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ní 1996. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 20 ọdún kí ìdájọ́ yìí tó jáde.