Ẹnu Irin àti Ilẹ̀ Yangí

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà oko kan kọjá ní Ìrèsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, níbi tí òkè yí ìlú ká tí òkúta sì pọ̀ nílẹ̀, tí ó bá bá àgbẹ̀ àgbà kan níbi tí ó jókòó sábẹ́ igi, kí ó yẹ ọkọ́ rẹ̀ wò dáadáa. Ẹnu ọkọ́ náà, tí ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì nígbà tí ó kúrò lágbẹ̀dẹ, ti kúrú di bíńtín. "Ilẹ̀ ló jẹ ẹ́," ni bàbá yóò wí, kò sì purọ́.

Nínú yangí tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni òkúta funfun wẹẹrẹ tí ń dán bíi dígí wà. Ní ọdún 1812 ni ará Jámánì kan, Friedrich Mohs, to àwọn òkúta láti 1 dé 10 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan ṣe lè ha èkejì: òkúta funfun yìí wà ní ipò 7, irin lásán kò sì ju 4 tàbí 5 lọ. Ẹni tí ó le jù ú lọ ni irin ń bá jìjàkadì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gírédà, ẹ̀rọ gàgàrà tí ń tún ọ̀nà yangí ṣe. Abẹ rẹ̀ sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ gan-an ni a fẹ́ kí ó máa kan ilẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó le ni a fi bóòtù dè mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ṣọbàtà ṣe ń fi awọ lé ìsàlẹ̀ bàtà, kí ilẹ̀ lè rí nǹkan jẹ kí ó sì fi ìyá abẹ sílẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: awakọ̀ tí ó bá ń wí pé "ó ṣì máa bá mi parí tòní" ni yóò bá orí bóòtù nílẹ̀, lẹ́yìn náà ìyá abẹ fúnra rẹ̀, tí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ fíìfíì.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í tẹ abẹ mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kì í sáré lórí àpáta, a sì dúró kí òjò kọ́kọ́ rẹ ilẹ̀ díẹ̀. Bí ẹnu kan bá jẹ, a yí irin náà padà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni a ṣe ní ẹnu méjì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé líle nìkan tó. Àwọn ọmọ Ògún Lákáayé mọ̀ pé irin tí a ri bọ omi láti inú iná, tí ó le jù, bí ó bá kọlu òkúta, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́.

Ní Chicago, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, tí ọkọ̀ sì ń kó yìnyín kúrò lọ́nà, yìnyín kì í ṣe ọ̀tá irin. Ọ̀dà àti kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ ẹnu ọkọ̀ akóyìnyín. Ohun líle kan tí wọ́n ń pè ní carbide, tí ó tó ipò 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs, ni àwọn kan ń tẹ̀ mọ́ ẹnu irin náà. Àwọn mìíràn fi rọ́bà ṣe é, àfi bí ẹni tí ó fi rọ́bà ṣe ọkọ́! Ṣùgbọ́n rọ́bà a máa tẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá yọ gọngọ.

Alágbẹ̀dẹ wa kò rí yìnyín bíi ti Chicago rí. Bí bàbá bá gbé ọkọ́ tí ó ti gbó dé, a wá sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù, a fínná mọ́ òun àti ẹnu ọkọ́ náà títí wọn yóò fi tàn yòò, a sì fi òòlù lù wọ́n pọ̀. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ọkọ́ ti padà sí oko.