Ẹ̀bi Ìlà Kejì

Ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe: àti ọ̀gá àti ọmọ-ẹ̀yìn láàárín àwọn tí ń fi èdè Python yẹ ìṣirò wò, kò sí ẹni tí kọ̀ǹpútà kì í dá iṣẹ́ rẹ̀ padà nítorí àmì kékeré kan tí ó sọnù. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ni ó gbé èdè yìí jáde ní 1991. Nígbà tí Wes McKinney ará Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ pandas ní 2008, èyí tí í ṣe àpò irinṣẹ́ tí a fi ń to ìsọfúnni sí ìlà àti òpó, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò pe ara wọn ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí ni wọ́n rọ́ wọlé, tí wọ́n sì bá òfin gírámà Python pàdé lójijì.

Òfin náà le. Kí Python tó ṣe ohunkóhun nínú fáìlì kan, yóò kọ́kọ́ kà á láti òkè délẹ̀, nítorí igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó; bí ìlà 99 bá tọ́ tí ọ̀kan ṣoṣo sì wọ́, kò ní ṣe ẹyọ kan nínú wọn, SyntaxError, ìyẹn àṣìṣe gírámà, ni yóò fi dá wa lóhùn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá nàka sí kọ́ ni ìdí ọ̀ràn máa ń wà nígbà gbogbo. Ẹ wo èyí, níbi tí pd dúró fún pandas:

owo = pd.read_csv("gari.csv"
apapo = owo["iye"].sum()

Ìlà kìíní ni a kò ti pa àkámọ́ dé, síbẹ̀ Python àtijọ́ a máa di ẹ̀bi náà ru ìlà kejì tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí àkámọ́ ṣì wà ní ṣíṣí, ọ̀rọ̀ ìlà kìíní kò tíì parí lójú tirẹ̀, àfi ìgbà tí ó kọsẹ̀ lára orúkọ tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tún ìlà kejì kọ ní àkọtúnkọ, ètè ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Òkè ni kí ó gbójú sí. Láti ẹ̀dà 3.10, tí ó jáde ní 2021, Python ti ń sọ ọ́ gbangba pé àkámọ́ kan ni a kò pa dé, yóò sì tọ́ka sí i gan-an: ìwà ọmọlúàbí tí ó pẹ́ kí ó tó kọ́.

Àwọn àṣìṣe yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ díjú. Kọ́lọ́ọ̀nù a máa sọnù lẹ́yìn if àti for. Àlàfo iwájú ìlà a máa rí ségesège. Àmì àyọlò tí a dà kọ láti inú Word a máa dé ní títẹ̀, Python kò sì mọ irú rẹ̀. Àmì ìdọ́gba ẹyọ kan ni a fi ń sọ nǹkan lórúkọ, méjì ni a fi ń béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba. Ibi tí a bá sì pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ní tèmi, mo ka àṣìṣe tí ń pariwo báyìí sí olóore, nítorí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ gbéra lórí irọ́. Èyí tí ń bà mí lẹ́rù ni ìlà tí gírámà rẹ̀ gún régé tí ó sì ń purọ́: bí pandas bá ka iye owó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà, sum yóò ṣiṣẹ́ láìjanpata, yóò kàn so wọ́n mọ́ ara wọn, 500 àti 700 yóò di 500700, SyntaxError kankan kò sì ní yọjú láti kìlọ̀.