Demas Nwoko, Olùkọ́ àti Olùyẹ̀wò Ilé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá jáde níhìn-ín tí a sì di olùkọ́, kì yóò pẹ́ tí àwọn àgbà ìlú yóò fi bi wá léèrè irú ilé-ìwé tí ó yẹ kí a kọ́ fún àwọn ọmọ. Kí ni a ó wí? Ní Fìdítì àti Ìlọrá, bí oòrùn bá kan àtàrí, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ó ní àjà a máa tutù, ṣùgbọ́n yàrá sìmẹ́ǹtì tí a fi páànù bò láìní àjà a máa móoru gidigidi. Síbẹ̀ ilé alámọ̀ ni a ń wó.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn Ọ̀gbẹ́ni Demas Nwoko. Ní 1935 ni a bí i ní Idumuje-Ugboko, ní ilẹ̀ tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Delta nísinsìnyí. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Sáríà, láti 1957 sí 1961. Ní 1963 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ẹ̀ka eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1978 ó sì dá ìwé ìròyìn New Culture sílẹ̀ ní ìlú náà, láti máa yẹ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wò.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi ń ṣe àyẹ̀wò. Ní àwọn ọdún 1970 ó kọ́ ilé ìsìn fún àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó sì fi í ṣe búlọ́ọ̀kù. Nínú ilé tirẹ̀ ní Idumuje-Ugboko, ó ṣí òrùlé sílẹ̀ láàárín kí òjò lè máa rọ̀ wọlé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń dà sí àgbàlá agbo ilé àwọn baba wa, tí àwọn ìyá wa ń gbé ìkòkò gbè é. Ní 2023, ní Venice ní Ítálì, a fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà nítorí iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lesley Lokko, ọmọ Gánà tí òun náà jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ilé yíyà, ni ó dárúkọ rẹ̀.

A kò wí pé kí a padà sí amọ̀ nìkan, nítorí ogiri alámọ̀ tí òjò ń lù nídìí kì í pẹ́ wó. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí a bi ilé ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó yìn ín: Níbo ni a ti rí ohun tí a fi kọ́ ọ? Ọ̀nà wo ni atẹ́gùn ń gbà wọlé? Ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́? Ìmọ̀ràn tí a kò yẹ̀ wò dàbí ilé tí a fi itọ́ mọ. Ìrì ni yóò wó o.