Bí a ṣe lè dá iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń dáwọ́ dúró

Bí obìnrin bá ti ń dàgbà, ìgbà kan ń bọ̀ tí nǹkan oṣù rẹ̀ yóò dáwọ́ dúró. Èyí kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ó lè mú ìnira púpọ̀ lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, èrò máa ń pọ̀ débi pé kò sí àyè láti jókòó ti irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kí a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti olùtọ́jú kan ṣe ń ronú láti sọ ìtọ́sọ́nà yìí di iṣẹ́ tí wọn yóò máa gba owó lé lórí. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí, tí iṣẹ́ dókítà sì ti bẹ̀rẹ̀, lè ṣe obìnrin ní ibi níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara obìnrin ní àkókò yìí?

A gbà pé nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró nígbà tí obìnrin bá lo oṣù 12 léraléra láìrí i, tí kì í sì í ṣe oyún, ìfọ́mọlọ́mú, oògùn tàbí àìsàn ni ó fà á. Láàrin ọdún 45 sí 55 ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin. Ohun tí ó fà á ni pé ilé ẹyin kò pèsè èròjà tí a ń pè ní estrogen tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí ó tó dá pátápátá, nǹkan oṣù lè máa ṣe ségesège fún ọdún mélòó kan. Bí ó bá dá kí obìnrin tó pé ọmọ 40 ọdún, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àmì tí ó wọ́pọ̀ ni ooru tí ń bo ara lójijì, lílàágùn lóru, àìróorunsùn, gbígbẹ ojú ara, ìrora nígbà ìbálòpọ̀, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, oríkèé ríro, ìgbàgbé àti ìbínú tàbí ìbànújẹ́ tí kò nídìí. Bí ó ṣe ń ṣe obìnrin kan kọ́ ni ó ń ṣe èkejì. Ẹlòmíràn a máa lo oògùn ibà léraléra láìṣe àyẹ̀wò, nítorí pé ara rẹ̀ ń gbóná. Ẹlòmíràn a máa bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń kó jọ sí ikùn òun. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tí ó ń kó jọ. Awọ inú ilé ọmọ ni kò nípọn lóṣooṣù mọ́.

Kí ni iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà?

- Kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà délẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i.
- Kí ó kọ́ ọ láti máa kọ àwọn àmì tí ó ń rí sínú ìwé kékeré, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí wọn.
- Kí ó bá a wá ọ̀nà ìgbé-ayé tí ó lè mú ara tù ú: aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìrìn ojoojúmọ́, dídín ọtí kù, àti oúnjẹ tí ń fún egungun lókun, bí i wàrà, ẹ̀fọ́ àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun.
- Kí ó rán an létí pé ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège ṣì lè lóyún.
- Kí ó bá ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí obìnrin náà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà láti sọ irú àìsàn tí ó ń ṣe obìnrin, láti kọ oògùn fún un, tàbí láti ní kí ó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dúró.

Kí ni ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ìtọ́jú họ́mónù?

Wọn yóò bi yín léèrè. Ní ọdún 2002, a dá apá kan nínú ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àrùn jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ díẹ̀ sí i láàrin àwọn tí ń lo àpòpọ̀ họ́mónù kan. Ìbẹ̀rù sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin inú ìwádìí náà ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 63 ní ìpíndọ́gba. Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí ìnira rẹ̀ sì pọ̀, tí kò tí ì pé ọmọ 60 ọdún tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá láàrin ọdún 10 sẹ́yìn, àǹfààní ìtọ́jú náà sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ṣì ní ilé ọmọ kò gbọ́dọ̀ lo estrogen oníhóró tàbí èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara láìfi progestogen kún un, nítorí pé ó lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Dókítà ni yóò pinnu; iṣẹ́ tiyín ni láti ran obìnrin náà lọ́wọ́ kí ó lè mọ ìbéèrè tí yóò bi í.

Àwọn àmì tí ó gbọ́dọ̀ gbé obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn

- Ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí láti ojú ara lẹ́yìn oṣù 12 láìrí nǹkan oṣù, ì báà ṣe ẹ̀kán kan ṣoṣo.
- Ẹ̀jẹ̀ tí ń ya púpọ̀ kí nǹkan oṣù tó dá.
- Kókó nínú ọmú.
- Òógùn òru pẹ̀lú ikọ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ àti ara rírù. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ.
- Òùngbẹ àti ìtọ̀ àpọ̀jù. Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ.
- Àyà dídùn, èémí kíkúrú tàbí ẹsẹ̀ kan tí ó wú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀la.
- Èrò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin ọlọ́dún 57 kan tí ó ti lo ọdún mẹ́rin láìrí nǹkan oṣù, tí ó wá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti padà di ọmọge. Ó lè jẹ́ ohun kékeré, bí i ojú ara tí ó gbẹ. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ọrùn ilé ọmọ, èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù bí a bá tètè mọ̀. Olùtọ́sọ́nà tí ó bá fún un ní àgbo, tí ó sì ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ti gba àkókò tí obìnrin náà kò ní lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà

1. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission. Bí ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí, ẹ rí i pé ìwé àṣẹ yín láti ọ̀dọ̀ Nursing and Midwifery Council of Nigeria kò tí ì kọjá àkókò rẹ̀.
2. Kí obìnrin àkọ́kọ́ tó dé, ẹ ti mọ dókítà àwọn obìnrin kan, ilé ìwòsàn ìjọba kan àti ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí ẹ lè darí ènìyàn sí. Ẹ má ṣe gba owó lọ́wọ́ wọn nítorí ẹni tí ẹ rán lọ.
3. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye ìgbà tí ẹ ó rí ara yín, iye owó, àti ohun tí ẹ kì í ṣe. Ẹ kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé.
4. Ẹ pa àṣírí mọ́. Òfin ìlera ti ọdún 2014 àti òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 béèrè fún un. Ẹ má ṣe dárúkọ oníbàárà ní gbangba tàbí lórí WhatsApp.
5. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, owó yàrá, owó fóònù àti wákàtí yín kí ẹ tó dá iye. Ìpàdé àpapọ̀ fún ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí máa ń jẹ́ kí owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san kéré.
6. Ẹ má ṣe ta àgbo tàbí oògùn fún àwọn oníbàárà yín. Ó ṣòro kí ẹni tí ń ta oògùn tó lè sọ pé oògùn kò yẹ.
7. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì òkè yìí lára ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ìwé fún un kí ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe gba owó lórí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lẹ́yìn náà bóyá ó dé ibẹ̀.

Ní àkótán, obìnrin tí ó bá tọ̀ yín wá ń fẹ́ ẹni tí yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì sọ òótọ́ fún un. Lọ́jọ́ mìíràn, òótọ́ náà ni pé ohun tí ó ń ṣe é yóò rọlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, òótọ́ náà ni pé kí ó dìde, kí ó lọ rí dókítà lónìí.