Ipò Ẹni àti Ìbò Ẹni



Ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan tí mo bá wọn jókòó ní Ṣàngó-Ọ̀tà, wọ́n dìbò lórí àfikún owó ìfipamọ́ oṣooṣù. Àwọn tí iléeṣẹ́ gbà síṣẹ́ pátápátá fọwọ́ sí i. Àwọn kásúà, tí owó wọn kò dúró sójú kan, kọ̀ ọ́. Ẹnì kan ní àìmọ̀kan ni. Mo ní rárá, ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ bí ó ti wúwo tó.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n fi kún owó orí. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń san án, wọn kò sì tíì rí èrè rẹ̀. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, NCNC mú ìjókòó 23 nínú 42 ní ẹkùn náà, Action Group mú 18. Owó orí wà lára ohun tí ó fà á. Ní January 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé, tí wọ́n lé ní 450,000 ní 1954, di ohun tí ó lé ní 800,000. Nígbà tí ìbò ẹkùn dé ní 1956, Action Group mú ìjókòó 48 nínú 80. Mẹ̀kúnnù kò tíì di ọlọ́rọ̀ láàrin ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí owó rẹ̀ ṣe.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ní Ìbàdàn, àwọn mẹ̀kúnnù tí Adégòkè Adélabú kó jọ sínú Mábọlájé dúró ti NCNC ní 1956 náà, nítorí wọ́n ka Action Group sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn àlejò. Adélabú kú ní 1958. Nígbà tí ó fi di 1979, ọmọ ọdún 6 tí ó wọ iléèwé ní 1955 ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún. UPN ti Awólọ́wọ̀, tí ó tún ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ni ó gba ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ògùn.

Kí ni èyí kọ́ wa? Nínú Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa, ìbò kan ṣoṣo ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ìbáà ní ìpín púpọ̀, ìbáà ní díẹ̀. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tó gbé ẹrù lé ọmọ ẹgbẹ́ lórí, kí ó sọ iye tí olúkúlùkù yóò san àti ìgbà tí èrè yóò dé. Kí ẹ sì fi ìpàdé sí àkókò tí àwọn oníṣẹ́ òru náà lè wá. Ẹgbẹ́ tí mo wí yẹn tún àbá wọn ṣe, kí kásúà máa san ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Wọ́n tún un dì, ó sì wọlé.