Irorẹ́ Ojú: Ọṣẹ Líle Kọ́ Ni Ìwòsàn Rẹ̀

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ànńtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú ọmọ yìí." Ọmọ ọdún 16 ni. Ó ti pa ẹgbẹ́ akọrin tì láti oṣù mẹ́ta, fìlà ló sì fi ń bojú. Irorẹ́ bo iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ra ìpara kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ra èlùbọ́. Wọn ò kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sára ike rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú dán. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, irorẹ́ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ ojú sì ti fẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nílé yín. Irorẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ dọ̀tí. Bí ọmọ bá ń bàlágà, họ́mọ̀nù máa ń mú kí òróró ara pọ̀ sí i. Òróró yìí àti awọ tó ti kú á dí ihò tí irun ń gbà hù, bakitéríà á pọ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ á sì wú. Àgbàlagbà náà ń ní in, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ fẹ́ dé. Kànìnkànìn kò lè ha á kúrò. Bí a bá ń ha awọ dúdú wa tàbí tí à ń tẹ irorẹ́, irorẹ́ lè lọ, kí àpá dúdú rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Láàárọ̀, kí ọmọ fi ọwọ́, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le, tí kò ní lọ́fínńdà, fọ ojú. Kí ó fi aṣọ ìnura tó mọ́ tẹ ojú gbẹ jẹ́jẹ́. Kí ó wá fi ìpara fífúyẹ́ tí wọ́n kọ "non-comedogenic" sí lára pa á. Ìyẹn ni èyí tí kì í dí ihò ara. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìpara tó ń dènà oòrùn lé e, SPF 30 ó kéré tán. Ẹ má sọ pé oòrùn kò sí ní London. Ìtànṣán tó ń mú àpá dúdú sí i ń gba inú ìkùukùu kọjá.

Lálẹ́, kí ó tún ojú fọ̀, kí ó jẹ́ kó gbẹ. Apòògùn lè ta benzoyl peroxide fún yín láìsí ìwé dókítà. Kí ó má ju 5% lọ. Kí ó fi díẹ̀ pa gbogbo ibi tí irorẹ́ ti ń yọ. Bí ó bá lò ó lónìí, kí ó fo ọ̀la, títí ojú á fi mọ́ ọn lára. Ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ, nítorí náà ẹ lo aṣọ ìrọ̀rí funfun. Ìpara irun kò gbọ́dọ̀ ṣàn dé iwájú orí, kí ó sì máa fọ sákáàfù tó fi ń sùn.

Sùúrù ni iṣẹ́ tó kù. Náámánì kò wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí ẹ tó rí ìyàtọ̀.

Ìpara tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ní Britain, òfin ka mẹ́kúrì léèwọ̀ nínú ìpara. Dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ hydroquinone àti steroid líle fúnni. Steroid lè sọ awọ di fẹ́lẹ́, ó sì lè fa irorẹ́. Bí ọmọ bá ti ń lo irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ gbé ike náà lọ bá dókítà kí ó tó jáwọ́. Ẹ lọ pẹ̀lú bí irorẹ́ bá tóbi tó ń dunni, bó bá ń dá ihò sójú, tàbí bí ọmọ bá ń sá fún ènìyàn.

Ìyá yẹn gbé ike náà lọ. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ọmọ rẹ̀ ti padà sí ẹgbẹ́ akọrin. Àpá díẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé fìlà mọ́.